Ìyá Tó Gba Ọmọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá oníwèé ìròyìn sọ ìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń dúró? Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pe ayàwòrán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Wọ́n ní bí eṣinṣin bá sín, ó ti yà á. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú ju oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin kékeré kan já sínú kànga tí wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé ilé wọn. Ojú Àwòdì fò sórí alùpùpù, àmọ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dábùú ọ̀nà. Kó tó débẹ̀, panápaná ti yọ ọmọ, ìyá ti gbà á, ariwo ti rọlẹ̀. Obìnrin náà jókòó ti ògiri, ọmọ sùn lé e léjìká, erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ayàwòrán ya ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó pòṣé. Ta ló fẹ́ wo ẹni tó ń sùn?

Fóònù dún. Olóòtú ni.

“Àwòrán dà? Ojú ìwé iwájú ṣófo bí orí apárí!”

“Ó ń bọ̀, ọ̀gá.”

“Èyí tó ń bọ̀ ò ṣeé tẹ̀ o. Èyí tó ti dé ni mò ń bèèrè.”

Òfin kan wà nílé iṣẹ́ wọn tí ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá mọ̀: ohun tójú bá bá ni kí o yà, a kì í bẹ ìṣẹ̀lẹ̀ kó padà wá. Ojú Àwòdì mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ó lọ lóṣòó ti obìnrin náà.

“Ẹ kú orí ire, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ fún panápaná, kí ẹ dúró síbí, kí wọ́n tún gbé e wá fún yín. Kíá ni.”

Gbogbo ayé ló ṣe obìnrin yìí lóore lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò kọ̀ fún? Panápaná họ orí. “Ọ̀gbẹ́ni, ṣé eré la fẹ́ ṣe ni?” Ṣùgbọ́n ó gba ọmọ, ó padà sí etí kànga. Ọmọ lajú, ó rí ihò. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dá òun padà síbẹ̀ ni. Ó figbe ta, ó na apá méjèèjì sí ìyá rẹ̀, ìyá gbàgbé pé wọ́n ní kóun dúró, ó sáré gbá a mú. Kámẹ́rà ké kẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, àwòrán náà gba gbogbo ojú ìwé iwájú. Olóòtú gbé e kọ́ sára ògiri. “Ojú Àwòdì! Ìwọ nìkan ni!” Ayàwòrán ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí ògiri.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí obìnrin náà fi wọ ilé iṣẹ́ wọn, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó wá dúpẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ ò mà jẹ́ kó sú yín! Ọmọ ti sùn, ẹ ní ká tún un ṣe, ẹ rí i bó ṣe wá dáa.”

Ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn gbìyànjú láti yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ìyá, bóyá ẹlòmíì lẹ fi wọ́n pè.”

Olóòtú kọjú sí ayàwòrán. “Ṣé ẹlòmíì ni?”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sọ, obìnrin náà yóò di òpùrọ́, orúkọ òun yóò sì dúró. Ó lanu. Bí ọmọ ṣe yọjú léjìká ìyá rẹ̀ nìyẹn, tó rí i. Ó ké igbe. Igbe etí kànga yẹn gan-an ni, kò yí padà.

“Kì í ṣe ẹlòmíì, ọ̀gá. Èmi ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe.” Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì, àmọ́ ilẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Olóòtú ò jágbe. Ó dìde, ó sọ àwòrán kalẹ̀ lára ògiri fúnra rẹ̀. “Lọ́la, a ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ka ìwé wa. Orúkọ rẹ ló máa wà lábẹ́ rẹ̀.”

Obìnrin náà kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn. Èmi ni mi ò mọ̀ pé kò dáa.” Èyí ló dun Ojú Àwòdì ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹni tí òun ṣẹ̀ ló ń bá òun bẹ̀bẹ̀. Ó ní kó dìde, kò sì lè wojú rẹ̀.

“Látọjọ́ náà ni ọmọ ò ti jẹ́ kí n gbé òun sílẹ̀,” obìnrin náà ń sọ. “Bí mo bá ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, ẹ̀yìn mi ló wà. Ṣé ẹ ò ní àwòrán mìíràn, èyí tí ò ti sunkún? Kí n lè máa fi hàn án pé ọwọ́ mi ló wà.”

Ayàwòrán wọ yàrá ẹ̀yìn, ó wá èyí tó pòṣé sí jáde, ó tẹ̀ ẹ́: ìyá lẹ́bàá ògiri, ọmọ lójú oorun, erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó mú un wá, ó nà án sí ọmọ. Ọmọ fi orí pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ó gbé àwòrán náà sórí àga, ó sì fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ìgbà náà ni ọwọ́ kékeré kan tó yọ jáde lẹ́yìn ìyá, tó mú àwòrán náà.