Oríkì Orúnkún

"Ìyàwó, ilẹ̀ ti mọ́. Ṣé kí n kú sórí ẹní ni?"

Láníkẹ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Làkúrègbé ti fi orúnkún ìyá àgbà náà ṣe ilé. Ó mu àgbo tì, ó fi àdín ra á tì. Gbogbo Inísà ló mọ ohun tó ń ràn án. Bí Àpèkẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bá ti ń fi oríkì kì í, ìyá àgbà yóò dijú, yóò máa mí kanlẹ̀, ìrora yóò fà sẹ́yìn, yóò sì rìn dé ìdí ọsàn níta. Bí ohùn bá dákẹ́, ìrora a tún dé.

Lásìkò òjò, ìyá Àpèkẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìgbàyè, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí òun fojú kan ọmọ òun. Láníkẹ́ kọ̀. "Bí o bá lọ, ta ni yóò kì mí?" Ọkọ Àpèkẹ́, tó ń bá òyìnbó tẹ́ ojú irin ní Ìkìrun, ránṣẹ́ pé kó dúró ti ìyá òun. Àná ni ìròyìn dé pé wọ́n ti sin obìnrin náà.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ojú oórì rẹ̀ lónìí."

Ẹnu tí ì bá fi bá a kẹ́dùn ni Láníkẹ́ fi sọ pé, "Orúnkún kì í dun òkú. Tèmi ló ń dùn mí."

Àpèkẹ́ ò sunkún. Ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

"Láníkẹ́, ọmọ arìn-gbẹ̀rẹ̀-wọ̀lú,
ọmọ olódò tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn..."

Kò kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Orí ìyá wú, ó dìde. Àpèkẹ́ ń fẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, ó ń kì í lọ, wọ́n kọjá ìdí ọsàn, wọ́n dé àárín agbo ilé nínú oòrùn. Gbogbo ará ilé ti lọ sóko. Ibẹ̀ ni Àpèkẹ́ ti panu mọ́. Ó lọ gbé ẹrù tó ti dì sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó! Kì mí kí n padà!"

"Ó ti rẹ̀ mí, Ìyá. Ẹ máa ki ara yín."

Láníkẹ́ gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n oríkì kì í wú ni lórí lẹ́nu ara ẹni. Orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó wá rántí pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ oríkì ara rẹ̀ tí kì í wẹ̀yìn.

"Àpèkẹ́!" Kò pè é lórúkọ rí.

Àpèkẹ́, tó ti ń lọ, dúró, ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àpèkẹ́, ọmọ..."

Ọmọ ta? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, Ìyàwó ni. Láníkẹ́ ò béèrè orúkọ ìyá rẹ̀ rí, kódà lánàá.

"Ọmọ..."

Àpèkẹ́ fetí sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó mú ọ̀nà Ìgbàyè pọ̀n.