Ṣọ́ọ̀bù Onírun Tí Òwú So Mọ́lẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn kó bọ́ síwájú, ẹni tó jókòó lé ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ kó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ orí ni mo fẹ́ sọ, kò sì sẹ́ni tí kò ní orí nínú yín.

Mo lá àlá kan lóru àná. Mo ń lọ jẹ́jẹ́ mi ní títì ní Ìkìrun, ni àwọn ọmọge méjì bá yọ sí mi lọ́tùn-ún lósì. Èyí tó ga ń jẹ́ Mórẹ́nikẹ́, èyí tó kúrú ń jẹ́ Sídíkátù. Bí mo ṣe mọ orúkọ wọn, ẹ má bi mí, àlá ni.

“Ìyá wa, ẹ wá ṣe irun!” Mórẹ́nikẹ́ ti di ọwọ́ mi mú.

“Irun wo? Ṣé ẹ ò rí orí mi ni? Èyí tó kù níbẹ̀, adìẹ kan á ṣà á jẹ tán, kò sì ní yó.”

Sídíkátù ní, “Háà, Màámi, ẹ má bú irun yín lójú wa o! Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ẹ wò ó bó ṣe funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.”

Ẹ gbọ́ o, ó ti tó ogún ọdún tí ẹnì kan ti pè mí kẹ́yìn lójú títì pé kí n wá ṣe irun. Tí wọ́n bá ti rí ewú, ńṣe ni wọ́n máa ń fò mí dá, tí wọ́n á lọ dì mọ́ ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ara mi yá gágá. Ẹnu àwọn ọmọ náà sì wù mí! Bí wọ́n ṣe ń fà mí lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe òpó iná tó wà lẹ́bàá ọ̀nà: “Bùrọ̀dá, ẹ̀yin náà ẹ wá, ẹ ti dúró pẹ́!” Òpó iná rẹ́rìn-ín, ó ní irun òun kò tíì hù.

Mo ní, “Ṣọ́ọ̀bù yín dà?”

Wọ́n nawọ́ sókè. Ṣọ́ọ̀bù wọn ń léfòó lókè, ó ga tó igi àgbọn, tòun ti díńgí tòun ti bẹ́ǹṣì. Ẹyọ òwú dúdú kan ṣoṣo, irú èyí tí a fi ń kó irun, ló so ó mọ́lẹ̀. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wọn.

Ojú Mórẹ́nikẹ́ rọ̀. “Ìyá wa, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì. Ó ní tí oòrùn bá kan àtàrí, tí a kò bá tíì parí orí ẹyọ ẹnì kan, òun á gé òwú yẹn, ṣọ́ọ̀bù wa á sì bá ìkuukùu lọ. Láti àárọ̀ la ti ń pe èèyàn, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn.”

“Irú iṣẹ́ yìí kọ́ ló máa bá ìkuukùu lọ lójú èmi Àyọ̀ká,” ni mo wí. “Ẹ bẹ̀rẹ̀!”

Mo jókòó sáàárín títì, Sídíkátù gbé orí mi sáàárín itan rẹ̀. Àwọn mọ́tò ń yọ́ ẹsẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òòyà onígi tó mú jáde ti ká léyín méjì. Òòyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ní, “Màámi, ẹ jẹ́ ká máa rọra lọ, èmi náà ti dàgbà.” Mo ní kò burú. Mo dá orin, òòyà ń gbè é:

*Orí mi yìí o, orí ewú,*
*Ẹ rọra fọwọ́ bá mi yà á.*
*Irun kékeré kì í ṣe irun ìtìjú,*
*Arúgbó ṣì lẹ́wà o, ẹ wá wò ó!*

Ọwọ́ ọmọ yẹn! Irun tí kò tó nǹkan yìí ló fi òwú kó, tó fi kọ́ ilé alájà mẹ́ta sórí mi. Fèrèsé wà níbẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹyẹ ẹ̀gà kan ti kó ẹrù wọ àjà òkè.

Ó ku ẹyọ kan ní ìpàkọ́ nígbà tí ọ̀gá ọ́fíìsì dé. Orí tábìlì ló jókòó sí, tábìlì náà ń léfòó bọ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Sísọ́ọ̀sì gbọọrọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Oòrùn ti kan àtàrí!” ló wí. “Ẹ kúrò nídìí òwú!”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa. Òòyà náà wò wá. Ọkùnrin yìí bá onírun lẹ́nu iṣẹ́, kò kí wọn! Ta ni kò mọ̀ pé “Ojú gbooro o” là á kọ́kọ́ wí, tí wọ́n á dáhùn pé “Òòyà á yà á,” ká tó sọ ohun tí a bá wá?

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí wọn.”

“Mi ò wá kí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni mo bá wá.”

“Ẹ kí wọn o, mo bẹ̀ yín. Kò wúwo lẹ́nu.”

Ó la ẹnu kó bú mi, “Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!” ló jáde. Irùngbọ̀n hù. Ìwo méjì gbé fìlà rẹ̀ sókè, pátákò dá bàtà rẹ̀ lu, sísọ́ọ̀sì sì bọ́ sílẹ̀. Ó di òbúkọ. Ó sanra, ara rẹ̀ ń dán, mo sì yìn ín: mo ní èyí yẹ ẹ́ ju kóòtù tó wọ̀ wá lọ.

Sídíkátù parí ẹyọ ìpàkọ́ mi. Mórẹ́nikẹ́ fi òwú ṣọ́ọ̀bù so òbúkọ lọ́rùn. Òbúkọ rí èèpo iṣu lókèèrè, ó sáré lọ síbẹ̀, ló bá fa ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀ gbì!

Gbogbo ẹni tó kọ etí ikún sí wọn láàárọ̀ ló sáré wá tò, wọ́n ní irú ti Ìyá làwọn fẹ́. Òpó iná náà tò. Díńgí ṣílẹ̀kùn àyà rẹ̀, ó ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín gbígbóná jáde fún wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, kálukú ru ilé alájà mẹ́ta rẹ̀, wọ́n ń kọrin mi lọ sílé. Òbúkọ náà yó, wọ́n tú òwú lọ́rùn rẹ̀, ó padà sí ọ́fíìsì.

Ni mo bá jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Ọmọ mi Bọ́látitó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń di irun ọmọ rẹ̀. Bàbá onílé wa jáde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò kí wọn. Mo sáré yọ orí lójú fèrèsé, mo tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Sálúbàtà ló wọ̀, ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé. Àmọ́ nígbà tó dé ibi ewé ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ògiri, ó dúró díẹ̀, ó ń wò ó.