Ẹ́ńjìnnì Tó Ju Egungun Rẹ̀ Lọ

Ọjọ́ tí Abdulkadir gbé ẹ́ńjìnnì náà dé láti Ìlọrin, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Ọ̀sí, tó fi àpò sìmẹ́ǹtì wé e, tó sì gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Saadat ìyàwó rẹ̀ tú àpò náà, ó wò ó títí.

"Èyí tóbi ju ti inú ọ̀kadà wa lọ."

"Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn."

Ọ̀kadà ni Abdulkadir fi ń jẹun. Láàárín Ọ̀sí àti Kòrò ló ti ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti oko wá sọ́jà, ó sì ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, ó sì ti gbó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó gbé Saadat àti àpò iṣu kan, wọ́n ń gun òkè, ni ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ ọn lábẹ́. Ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Saadat bẹ́ sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó. Àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ Abdulkadir tó ń kọjá fọn fèrè, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gbé e dé Ìlọrin.

"Gbé e lọ bá Olóyèdé ní Ìlọ́fà," Saadat wí. "Jẹ́ kó bá ọ dè é."

Olóyèdé ni mẹkáníìkì tó kọ́ Abdulkadir níṣẹ́ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kó tó di pé ó sá kúrò láìgba ìyọ̀ǹda. Láti ìgbà náà, bí ọ̀nà bá gbé e dé Ìlọ́fà, ẹ̀yìn ìlú ló máa ń gbà kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí i.

"Ohun tí Olóyèdé mọ̀, mo mọ̀ ọ́n," ni Abdulkadir wí. "Ilé ni n ó ti dè é."

Ọjọ́ Sátidé ló mú. Amirat ọmọ wọn ti lọ sí ilé kéú. Ìyá Abdulkadir, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Badirat, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àárọ̀ náà lọ lórí títú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé tuntun wá síbẹ̀, etí rẹ̀ kò bá ihò ara ọ̀kadà mu. Abdulkadir fi ọwọ́ ti ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó wà ní ìkòríta, wẹ́dà náà gé irin méjì, ó jó wọn mọ́ egungun ọ̀kadà, ẹ́ńjìnnì sì rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé.

Saadat ló bá a gbé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí ẹ́ńjìnnì náà mú, orúnkún rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wá ihò bóòtù.

"Má fi sílẹ̀ o."

"Ṣe kíá. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n."

"Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀. Saadat, má fi sílẹ̀!"

Bóòtù wọlé. Saadat jókòó sílẹ̀ gbọ̀ọ́, ó ń mí helehele. Ìgbà yẹn ló tó fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ṣe. Àpótí tó máa ń sẹ́ eruku kò ráyè wọlé mọ́, ẹnu kábúrétọ̀ sì là sílẹ̀ gbayawu.

"Kí ni ihò yìí?"

"Ibẹ̀ ló ti ń mí. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́ fà, kò lè ṣiṣẹ́."

"Wáyà kọ́kọ́rọ́ tó ń fì yìí ń kọ́?"

"Kò bá ti ẹ́ńjìnnì yìí mu. Lọ́la ni n ó wá ṣe é. Tí mo bá fẹ́ pa á, n ó yọ wáyà orí pílọ́ọ̀gì."

Ohun kan wà tí kò sọ. Kébù, ìyẹn okùn irin tó ti ọwọ́ ọ̀kadà wá sí kábúrétọ̀, tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná, ti kúrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n fi ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà. Ó fà wọ́n títí tí wọ́n fi dé ibi tó yẹ, wọ́n sì le tantan. Ó rí i. Ó gbójú kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí àsìkò Alásárì tó, Ìyá Badirat tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sábẹ́ igi kaṣú, ó kọjú sí gábàsì, ó kẹ̀yìn sí wọn. Saadat padà sídìí abọ́ aṣọ tó ń fọ̀. Abdulkadir gbé ọ̀kadà lé sítáńdì, táyà ẹ̀yìn kò kanlẹ̀. Ó fẹsẹ̀ tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mejì, kò gbà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn.

Ohùn rẹ̀ ki, ó wọni lára. Abdulkadir wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Saadat náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Abdulkadir fi í sí jíà kìíní kó lè wo bí ṣéènì ṣe ń yí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èjìká rẹ̀ kan ọwọ́ ọ̀kadà, ọwọ́ ọ̀kadà yí sí òsì, ó sì fa kébù tó ti le tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù.

Ó fò dìde, ó fa kílọ́ọ̀ṣì. Okùn rẹ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀kadà ń gbọ̀n, ó ń rìn lórí sítáńdì, kó tó dá ọwọ́ rẹ̀ padà, sítáńdì ti ká. Táyà ẹ̀yìn kanlẹ̀. Erùpẹ̀ fò sókè, ọ̀kadà náà sì kó eré.

Abdulkadir di ibi tó máa ń di ẹrù sí lẹ́yìn mú. Ó wọ́ ọ nílẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ bọ́. Ọ̀gangan ibi tó dorí kọ ni ẹní ìkírun wà, Ìyá Badirat sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iwájú orí kanlẹ̀.

"Màámi! Màámi o!"

Ìyá Badirat kò mira.

Odó tí wọ́n fi ń gún iyán ló wà láàárín wọn. Táyà iwájú kọ lu odó, ó sì há síbẹ̀. Odó fì, kò ṣubú. Táyà ẹ̀yìn ń walẹ̀, èéfín rọ́bà ń rú, odó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Abdulkadir na ọwọ́ kan sí pílọ́ọ̀gì. Iná gbá a, ọwọ́ rẹ̀ fò padà. Ó tún nà án. Iná tún gbá a. Bó bá jọ̀wọ́ ọ̀kadà, á bọ́ lọ. Bí kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀, kò sí ọwọ́ tó máa fi pa á.

Saadat ti dé. Ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé Amirat tó ń fọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́wọ́, ó ti apá bọ ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà tó gbóná, ó sì fi aṣọ náà di ihò tó béèrè nípa rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó tì í mọ́lẹ̀. Ara apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin. Ó pariwo, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́.

Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó kú.

Ìyá Badirat fi ọwọ́ tilẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó parí ìrun rẹ̀, ó yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn. Odó kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ sí ẹní rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Abdulkadir béèrè.

"Mo gbọ́," ni ìyá wí. "Orúnkún mi ni kò gbọ́."

Abdulkadir jókòó sínú erùpẹ̀, ó sì sunkún.

Adégbóyè, aládùúgbò wọn, ló fi ọ̀kadà tirẹ̀ gbé Saadat lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fọ apá rẹ̀, wọ́n wé e láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Bó ṣe padà dé, ó ní kí ọkọ rẹ̀ mú fóònù wá, kó sì wá nọ́ńbà Olóyèdé.

"Saadat…"

"Wá a. Èmi ni n ó pè é."

Ọjọ́ Ajé ni Olóyèdé dé, nítorí ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Ó kí Ìyá Badirat, ó wo apá Saadat, ó wá kúnlẹ̀ ti ọ̀kadà. Ó fọwọ́ tọ́ kébù. Ó tan iná fóònù sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Abdulkadir, wá wò ó."

Níbi tí wẹ́dà ti jó irin mọ́ egungun ọ̀kadà, egungun náà ti sán. Ìlà rẹ̀ tínrín bí irun orí.

"Ká ní kò ṣe báyìí nílé," Olóyèdé wí, "lójú ọ̀nà ni ì bá ti dá sí méjì. Pẹ̀lú èrò lẹ́yìn rẹ."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú."

"Ẹ́ńjìnnì yìí dára. Egungun tó o gbé e lé ni kò lè rù ú, bírékì yẹn náà kò sì lè dá a dúró. Ǹ bá ti sọ fún ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú lò ń gbà. O rò pé n kì í rí ọ?"

Abdulkadir dojú bolẹ̀.

Ọjọ́ méjìlá ni ọ̀kadà lò ní Ìlọ́fà. Abdulkadir fúnra rẹ̀ ló tú u, òun náà ló tò ó padà sára egungun mìíràn tó nípọn, Olóyèdé dúró tì í. Bó bá ti dé ilé, á pọn omi, á fọ aṣọ, á rin ẹ̀gẹ́, torí apá Saadat kò tíì ṣe é lò. Àwọn èèyàn rí i nídìí abọ́ aṣọ, wọ́n sọ̀rọ̀. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Saadat kò gun ọ̀kadà náà fún oṣù kan àbọ̀. Ọkọ rẹ̀ kò fi agbára mú un. Ní ọjọ́ kan, Saadat dúró lẹ́bàá ọ̀nà Kòrò pẹ̀lú agbọ̀n àgbàdo, òjò ti ṣú, Abdulkadir sì dé bá a. Ó dúró. Saadat kò gòkè.

"Pa á."

Abdulkadir yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Tún un tàn. Yí ọwọ́ rẹ̀ sósì. Yí i sọ́tùn-ún."

Ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Saadat fetí sí i fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó gbé agbọ̀n lé ẹsẹ̀, ó sì jókòó.

"Rọra máa lọ o. Mo ní, rọra."

Ó rọra lọ lóòótọ́. Òjò bá wọn ní ìdajì ọ̀nà, ó sì lù wọ́n títí wọ́n fi délé.