Ìgò Tí Kò Yẹ Kó Tàn

Ìyá Kòkòrò ni wọ́n ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò, kì í sì í ṣe pé òun ló bí wọn. Ó kàn máa ń bá kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun wí lábẹ́ máíkírósíkóòpù ni, bí ẹni ń bá ọmọ alágídí sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: báwo ni kòkòrò yìí ṣe ń mọ̀ pé òun ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn? Níta, jẹ́jẹ́ ni í jókòó. Bó bá wọlé tán, a ṣí àwọn jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ tó jogún sára, àlejò a sì sọ ara rẹ̀ di onílé. Òun àti Ọ̀gá, ìyá àgbà tó ni yàrá náà, ti so ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn jíìnì yìí, pé bó bá ti ṣí, kí kòkòrò tàn. Wọ́n ti sọ fáyé gbọ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì nìkan ló ti ń tàn.

Àfi bí ìgò tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé, ṣe tàn yòò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kòkòrò àti omi oúnjẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí ìgò yìí bá ń sọ òótọ́, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ti wọmi.

"Dà á nù," ni Bọ̀dá tí wọ́n jọ ń lo tábìlì wí. "Ọ̀gá ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ lọ́sàn-án. Èèyàn kì í fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ara ẹ̀."

Ìyá Kòkòrò gbé ìgò náà síwájú fèrèsé. Pupa ni omi oúnjẹ wọn máa ń jẹ́ bó bá wà ní tuntun. Bó bá ti kan, a di yẹ́lò. Yẹ́lò ni èyí.

"Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ ti pààrọ̀ omi ìgò yìí?"

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Pààrọ̀ kẹ̀? Sẹ́ẹ̀lì là ń bọ́. Ta ló wà nínú ìyẹn tí mo fẹ́ fún lóúnjẹ?"

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ ìgò tí kò ní sẹ́ẹ̀lì ní yàrá wọn. Kòkòrò ti jẹ oúnjẹ ọ̀hún títí ó fi kan. Inú àpò tí sẹ́ẹ̀lì máa ń há kòkòrò mọ́ náà sì kan, nítorí omi kíkan ni sẹ́ẹ̀lì ń dà lé e lórí kó lè kú.

"Ṣé ohun tí wọ́n fi ń pa ọ́ lo fi ń mọ̀ pé o ti délé?" Ó bi kòkòrò léèrè.

Kíá, ó kó kòkòrò sínú ìgò tuntun méjì. Ó jẹ́ kí ọ̀kan wà ní pupa, ó sì ro nǹkan kíkan sí èkejì.

Nígbà tí Ọ̀gá dé lọ́sàn-án, ìgò pupa ṣókùnkùn, èyí tó kan ń tàn. Ọ̀gá wò wọ́n pẹ́.

"Èwo ló ní sẹ́ẹ̀lì nínú?"

"Kò sí èyí tó ní in, mà."

"Ohun tá a ti sọ fáyé ńkọ́?"

"A máa kó ọ̀rọ̀ wa jẹ ni, mà."

Bọ̀dá bojú wo ilẹ̀. Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú, ó nù ún, ó sì fa àga sún mọ́ máíkírósíkóòpù.

"Sún díẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí n tún un wò."