Gbogbo Ilẹ̀kùn Òkè-Ọ̀sà

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ràn láyé mi: kí ènìyàn gba ohùn gígùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù. Bí o bá ní ọ̀rọ̀, kọ ọ́. Bí kò bá ṣeé kọ, pè mí. Ṣùgbọ́n kí o máa bá mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kí o máa wúkọ́, kí o máa lé adìẹ láàárín rẹ̀, kí o tún wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?", ìwà ìkà ni. Àrìnkẹ́ ìyàwó mi ti sọ ọ́ títí pé ìwà mi yìí yóò kó mi sí ìjàngbọ̀n lọ́jọ́ kan. Ó kó mi sí i lóòótọ́, lọ́jọ́ Sátidé kan, lójú gbogbo ará Òkè-Ọ̀sà.

Lérè ni orúkọ mi. Ọmọ Iyansan ni mí, Òkìtìpupa ni mo ń gbé, iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe. Àrìnkẹ́ ló ń darí dírónù, kámẹ́rà tó ń fò lójú ọ̀run. Èmi ni mo ń ya ti ilẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn ará Èkó àti Àbújá ti ń wá ṣègbéyàwó ní Òkè-Ọ̀sà, abúlé kékeré kan lórí òkè ilẹ̀ pupa. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀, wàá rí ọ̀sà nísàlẹ̀, wàá sì rí òkun lẹ́yìn ọ̀sà. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé fídíò mi ló gbé abúlé náà jáde. Ìgbéyàwó àjèjì mẹ́fà ni mo ti yà níbẹ̀ kí ti Olúwabùkúnmi, ìyàwó ọjọ́ Sátidé yẹn, tó dé.

Àwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tìtorí rẹ̀ wá. Ìyàwó á sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò nísàlẹ̀ òkè, á dá gun ọ̀nà pupa náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ funfun á máa wọ́ nílẹ̀, òkun á wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ohun tí ojú ẹni tó máa fọ aṣọ náà yóò rí kò kàn mí.

Kí ọ̀nà ṣófo, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní Òkè-Ọ̀sà, ìyàwó kì í dá gun òkè. Ilé mọ́kàndínlógún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà. Bí ìyàwó bá ti ń bọ̀, àgbà ilé kọ̀ọ̀kan á jáde pàdé rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé e lórí, á sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ kí i. "Ọma Vivian, o kú ọ̀nà." Ọma ni ọmọ lẹ́nu wọn. Wọn kì í pe orúkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Ilé ìyá rẹ̀ ló sì máa ń kí i kẹ́yìn.

Àṣà kejì ni pé ìyàwó tó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé òkè kò gbọdọ̀ padà sísàlẹ̀ títí wọn yóò fi so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀. N kò mọ èyí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Mo ní kí ìyàwó padà, kí a tún un yà. Pásítọ̀ Ọláìtán fúnra rẹ̀ ló sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́, tó ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń ya ọ̀nà òkè.

Ni èmi àti Pásítọ̀ bá ṣe àdéhùn. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ ti àjèjì, á fi gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kéde pé kí oníkálukú wọlé, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde títí agogo yóò fi dún. Àwọn ará Òkè-Ọ̀sà kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyàwó tí wọn kò mọ ìyá rẹ̀, orúkọ ta ni wọn ó fi kí i? Nígbà tó yá, wọ́n di ògbógi nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọn á so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, wọn á ká aṣọ tí wọ́n sá, àwọn mìíràn á tilẹ̀ bi mí láti ojú fèrèsé pé, "Lérè, ṣé garawa tó wà níta yẹn kò ní ba iṣẹ́ jẹ́?"

Báyìí ni nǹkan ṣe wà nígbà tí Bùkúnmi gba ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Àbújá. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Mo gbọ́ méjì níbẹ̀: ó ti wo fídíò mi, ó fẹ́ gun òkè náà, Ayọ̀kúnlé ni orúkọ ọkọ rẹ̀, ọjọ́ báyìí ni. Kí ló tún kù? Mo fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí i pé mo ti gbọ́, mo padà sídìí ẹ̀bà mi.

Ojú ọjọ́ mọ́ rekete lọ́jọ́ náà. Ọyẹ́ kò tíì dé, òkun hàn kedere. Pásítọ̀ kéde, gbogbo ilẹ̀kùn tì, ewúrẹ́ kan kò sí lójú ọ̀nà. Èmi àti Àrìnkẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn igi kaṣú lókè, mo gbé kámẹ́rà ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, Àrìnkẹ́ gbé dírónù sójú ọ̀run. Bùkúnmi sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ọmọbìnrin gíga tí ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Mo juwọ́ sí i pé kó máa bọ̀.

Ní iwájú ilé àkọ́kọ́, ó dúró díẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn. Mo ní ó dára, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ilé kejì, ó tún dúró. Nígbà tó dé ilé karùn-ún, ẹ̀rín ti ń kúrò lójú rẹ̀. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń rìn bí ẹni tó ṣi ilé yà.

"Bàbá Ìdáraolúwa," Àrìnkẹ́ pè mí, kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀, "ìyàwó yìí ń sunkún."

"Ẹkún ayọ̀ ni. Sún mọ́ ọn."

"Mo ti sún mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀. Èmi náà ti ṣe ìyàwó rí, mo mọ ìyàtọ̀."

Nígbà tó dé ilé kọkànlá, ó dúró pátápátá. Ilé náà ti di ahoro, koríko ti bo ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì dúró, pákó líle tí wọ́n gbẹ́ ẹja méjì sí lára. Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀, mo sáré lọ bá a. Inú ń bí mi, nítorí pé oòrùn ń gòkè, ìmọ́lẹ̀ ń bàjẹ́.

"Bọ̀dá Lérè," ó ní, "ṣé wọ́n ní àwọn kò fẹ́ mi ni?"

"Àwọn ta?"

"Àwọn ènìyàn màmá mi. Mo ní kí ẹ bá mi sọ fún wọn. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ nínú ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì dá mi lóhùn pé ẹ ti gbọ́."

Mo yọ fóònù, mo fo ohùn náà dé ìṣẹ́jú kẹfà. Ohùn rẹ̀ jáde sójú ọ̀nà tó dákẹ́ rọ́rọ́ náà, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

"Bùsọ́lá ni orúkọ màmá mi, ọmọ Akínrẹ̀mí káfíńtà, ní Òkè-Ọ̀sà yẹn gan-an. Bàbá mi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Òkìtìpupa. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí màmá mi kú, a kó lọ, a kò padà wá mọ́. Màmá mi máa ń sọ fún mi pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, gbogbo ilẹ̀kùn ọ̀nà òkè ni yóò ṣí, orúkọ òun ni wọn ó sì máa fi kí mi. Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Lérè, ẹ bá mi wá àwọn àgbà ibẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ màmá mi mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan péré."

Mo ti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìṣe nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti gbàgbé bátìrì sílé rí, mo ti ya ọkọ ìyàwó láìní orí rí. Kò sí èyí tó dùn mí tó báyìí. Èmi ni mo ti gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn mọ́ ọmọ náà lójú, lórí pé n kò ní sùúrù ìṣẹ́jú méje.

Fèrèsé kan ṣí díẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. "Ta ló ń pe Bùsọ́lá?"

Màmá Susan ni, àbúrò Akínrẹ̀mí káfíńtà, arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

"Màmá, ọmọ Bùsọ́lá rèé! Ẹ jáde!"

"Lérè, ṣé òótọ́ ni, àbí fídíò ni?" Ẹ má bá a wí. Ó ti rí ìyàwó mẹ́fà tí mo kọ́ ní ẹkún sísun lójú ọ̀nà yẹn.

Kí n tó dáhùn, Bùkúnmi nu ojú. "Màmá, ẹja méjì ló wà níwájú ilẹ̀kùn yìí. Màmá mi ní ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú ilé, níbi tí àlejò kì í rí."

Fèrèsé tì gbàgà. A gbọ́ tí irin ilẹ̀kùn ń dún. Màmá Susan jáde, ìró kan láyà, kò wọ bàtà. Ó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ké pé ọmọ ilé àwọn ni: "Ọma ulí wa ni! Ọma Bùsọ́lá ni o!"

Ẹ ó rò pé gbogbo ilé á tú jáde. Rárá o. Ẹnì kan ń bèèrè láti inú ilé kẹsàn-án pé, "Ṣé agogo ti dún ni?" Mo pe Pásítọ̀ lórí fóònù, mo ní kó lu agogo kíákíá. Ó ní ìyàwó kò tíì dé. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ lù ú ná, ẹ ó bú mi tó bá yá!" Agogo dún. Ilẹ̀kùn ṣí, òmíràn ṣí, àwọn àgbà ń tú jáde, tí wọ́n ń wé gèlè, tí wọ́n ń wá ọ̀pá.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ti kọjá ilé mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ padà, wọn kì í sì í kí ìyàwó látẹ̀yìn. Àwọn àgbà dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

"Ẹ gba ọ̀nà ìdí ọ̀pẹ," Màmá Susan pàṣẹ. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni, tí wọ́n máa ń gbà ru ẹyìn. Ó yá ju ọ̀nà pupa lọ, ṣùgbọ́n ó ga bí àkàsọ̀. "Gbogbo yín, ẹ lọ tò sókè, níbi tí kò sí ilé. Ìyàwó, ìwọ dúró níhìn-ín, ìwọ ṣì ka oókan dé igba kí o tó máa bọ̀."

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kí i níbí kẹ̀, ẹ ti wà níwájú rẹ̀," mo ní.

"Ilé ìyá ló ń kí ìyàwó kẹ́yìn. Èmi ni mo máa wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì." Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wò mí. "Ìwọ tó tì wá mọ́lé, ó yá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ó gun ẹ̀yìn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé arúgbó fúyẹ́. Imọ̀ ọ̀pẹ ń gbá mi lójú, amọ̀ ń yọ̀ mí lẹ́sẹ̀, Màmá Susan ń gbá mi léjìká pé, "Rìn dáadáa! Ṣé kì í ṣe ọmọ Iyansan ni ọ́ ni?" Níwájú wa, àwọn àgbà mẹ́tàdínlógún ń fi ọ̀pá ti ara wọn sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àrìnkẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ọ láti ìdí kaṣú. Dírónù ń kùn lókè orí wa.

A tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà. Bùkúnmi yọ, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ọma Bùsọ́lá, o kú ọ̀nà." Ẹni àkọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ọma Bùsọ́lá, o kú ọ̀nà. Ìyá rẹ jẹ mí ní mángòrò mẹ́rin, ó gun igi mi láìgbàṣẹ."

"Ọma Bùsọ́lá, o kú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ lo gbé wá yìí."

Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, àtíkè ojú rẹ̀ ti ṣàn tán. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ náà ló ń tẹrí ba, bí ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìgbà mẹ́tàdínlógún.

Ó wá dé iwájú wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Susan kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Ó ní orúnkún òun ti kú. Láti orí ẹ̀yìn mi ló ti na ọwọ́, ó gbé e lé ọmọ náà lórí. Mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù lẹ́yìn mi.

"Ọma Bùsọ́lá," ó ní. "Bùsọ́lá mi. O kú ọ̀nà. Ọ̀nà náà jìn."

Omijé ń bọ́ lójú mi, n kò sì lè nù ún, nítorí pé ẹsẹ̀ Màmá Susan ni mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

Kámẹ́rà tèmi kò rí nǹkan kan yà. Koríko ni ó dojú kọ. Dírónù Àrìnkẹ́ ló rí gbogbo rẹ̀. Ìyàwó rèé, òkun rèé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àgbà rèé lọ́tùn-ún lósì, àti láàárín gbùngbùn àwòrán, Lérè rèé, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó gbé arúgbó pọ̀n. Mo kọ̀wé sí Bùkúnmi pé màá gbìyànjú láti yọ ara mi kúrò níbẹ̀.

Ó fi ohùn dá mi lóhùn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àrìnkẹ́ gbé àga wá, ó jókòó tì mí, ó ń wò mí bí ọlọ́pàá.

Mo gbọ́ ọ tán. Ó ní bí mo bá yọ ara mi, òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ó kí Màmá Susan fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó wúkọ́. Ó lé adìẹ kan. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá ló tó sọ pé lọ́jọ́ Àjíǹde, òun àti Ayọ̀kúnlé ń bọ̀ wá ṣí ilé bàbá àgbà òun, kí àwọn rí ẹja kẹta. "Ẹ bá mi sọ fún wọn," ó ní.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà mi nílẹ̀. Ọ̀sán ṣì pọ́n nígbà tí mo dé Òkè-Ọ̀sà, mo sì sọ ọ́ ní ilé kọ̀ọ̀kan, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.