Omi Ìsàlẹ̀ Ilà Pupa

"Ó ti kan ilà pupa o!" Dougal, ọ̀kan nínú àwọn panápaná, pariwo láti ìdí ọkọ̀ wọn.

Iná igbó ti dé, ilé Clarrie ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbaná ni. Raelene, ọ̀gá àwọn panápaná ìlú Kurrabin, ń da omi sára ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ń ta fún èéfín. Ìdámẹ́rin táǹkì ló kù, ibi tí wọ́n fa ilà pupa sí. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ yìí kì í fi omi ìsàlẹ̀ ilà pupa pa iná ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló ni ín. Raelene pa ẹnu rọ́bà omi dé.

"Kí lo dáwọ́ dúró fún?" Clarrie fò sókè, àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. "Omi ṣì wà ńbẹ̀!"

"Ó ti kan ilà, bàbá. Ẹ wọkọ̀."

"Ilà ta ni? Ta ló ra ọkọ̀ yìí fún yín? Èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà yan sọ́sééjì tà níwájú ṣọ́ọ̀bù láti kówó rẹ̀ jọ, bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún! Raelene, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́lé yìí fún Bessie ìyàwó mi kó tó kú!"

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tí ìjọba fún wọn tẹ́lẹ̀ ń jò bí asẹ́. Clarrie ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ ẹran kiri, kí wọ́n lè rówó ra tuntun; ó tà á fún ọ̀rẹ́, ó tà á fún ọ̀tá, díẹ̀ ló kù kó tà á fún òkú. Bí omi yìí bá tọ́ sí ẹnikẹ́ni, òun ni. Àánú bàbá ṣe Raelene débi pé ọwọ́ rẹ̀ tún padà sídìí rọ́bà. Ìṣẹ́jú méjì péré, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde níbẹ̀, atẹ́gùn sì ti yí, ó ń darí iná bọ̀ síbẹ̀. Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Lọ́jọ́ náà, òwe ọ̀hún korò bí jogbo.

Ó gbá bàbá lápá mú, ó tì í sínú ọkọ̀.

"Apànìyàn!" ni Clarrie ń pè é.

Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lórí òkè tí iná fi fò kọjá títì, tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Dougal tẹ bọ́tìnnì, omi ìsàlẹ̀ ilà pupa tú jáde yí ọkọ̀ ká. Raelene fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo Clarrie, ó fi ara rẹ̀ lé e. Wọ́n ń gbọ́ bí omi ṣe ń tú. Nígbà tí omi fi máa tán, iná ti kọjá lọ.

Nígbà tí wọ́n dé pápá ìṣeré ìlú, wọ́n jókòó sórí koríko. Ọ̀dà ara ọkọ̀ ti bó. Clarrie ń wò ó.

"Ta ló tiẹ̀ kọ́ ọ ní òfin ìdámẹ́rin yẹn?"

Raelene nu eérú ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, bàbá. Ẹ̀yin lọ̀gá nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ panápaná."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"Ilé mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ fún iná nítorí òfin yẹn," ó ní. "Gbogbo àwọn onílé ni mo bẹ̀ wò. Mo ní kí wọ́n má sunkún, pé ilé lásán ni."