Wòlíì Alábẹ

“Bí ọlọ́jọ́ bá dé lónìí, níbo lò ń lọ?”

Ọkùnrin tó jókòó lórí àga kò dáhùn. Abẹ wà lọ́fun rẹ̀. Ó kàn ń ṣẹ́jú, onígbàjámọ̀ sì kà á sí ìrònúpìwàdà. Nígbà tí ó fá a tán, ọkùnrin náà sanwó, kò dúró gba ṣéńjì.

“Ẹ ò rí i?” ni ìyàwó onígbàjámọ̀ wí. Ó ń gbá irun ilẹ̀ jọ. “Òdìkejì títì làwọn ènìyàn ń gbà kọjá báyìí, baálé mi.”

“Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni mò ń sọ.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi abẹ síni lọ́rùn kó tó bini léèrè ọ̀run?”

Onígbàjámọ̀ ń nu abẹ rẹ̀. Kì í ṣe ti àwọn oníbàárà ló ń dùn ún. Ti aránṣọ ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n láti ìgbà èwe. Lọ́jọ́ kan, bí ó ti ń fá irùngbọ̀n aránṣọ, ó wàásù iná ọ̀run fún un títí ó fi fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán. Aránṣọ dìde pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó gba ilé rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Òun ló sọ ọ́ ní Wòlíì Alábẹ, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, irùngbọ̀n aránṣọ ti di igbó. Òkèèrè ni wọ́n ti ń kíra wọn. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni onígbàjámọ̀ ń bẹ Ọlọ́run nítorí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ náà, aránṣọ yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí máa ṣègbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Aṣọ ìyàwó wà lára ògiri, ó ku bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ láti rán, kí wọ́n sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Aránṣọ sì ti búra pé ọwọ́ aránṣọ mìíràn kò ní kan aṣọ ọmọ òun.

Onígbàjámọ̀ gbé Bíbélì, ó dìde. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Mo fẹ́ lọ tù ú nínú.”

Obìnrin náà rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé Jésù wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Omi àti aṣọ ìnura ló mú dání. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó ń fẹ́.”

Ó lọ. Aránṣọ wò ó tìfuratìfura.

“Mo wá bá ọ rán bọ́tìnnì.”

“Mo ti búra pé aránṣọ mìíràn ò ní fọwọ́ kàn án.”

“Èmi kì í ṣe aránṣọ.”

Aránṣọ rò ó wò. “Òótọ́ ni. Ọlọ́run pàápàá mọ̀.” Ó fi ẹnu tọ́ka sí abẹ́rẹ́.

Ojoojúmọ́ ló ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Aránṣọ a jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ a wà nínú aṣọ tí wọ́n so kọ́ ọrùn rẹ̀, a máa pàṣẹ.

“Bọ́tìnnì lò ń rán, kì í ṣe àpò ìrẹsì. Tú u. Ọwọ́ rẹ wúwo bí ìwàásù rẹ.”

Onígbàjámọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó tú u, ó tún un rán.

Ọmọbìnrin aránṣọ yọjú, ó kí onígbàjámọ̀. “Bàbá, ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ ń rán an, mi ò tíì rí oorun sùn.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó jáde, aránṣọ tẹjú mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. “O ò tíì dárúkọ Jésù fún mi láti ọjọ́ tó o ti ń bọ̀. Ṣé ara rẹ yá?”

“Ìyàwó mi ló gba Bíbélì lọ́wọ́ mi.”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ fi ń dùn ún. “Kí ló wá ń gbé ọ wá?”

Onígbàjámọ̀ fi eyín gé òwú. “Ẹni tí mi ò dárúkọ yẹn náà ni.”

Aránṣọ fi ọwọ́ òsì na bọ́tìnnì mìíràn sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ náà wọ aṣọ rẹ̀ wò. Bọ́tìnnì kankan kò já. Bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó jókòó sórí àga.

“Mi ò lè fi igbó yìí fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́.”

Onígbàjámọ̀ po ọṣẹ. Ó fá a, ó panu mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ ojú kan náà ní àgbátúngbá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán.

“Wòlíì,” ni aránṣọ wí.

“Mò ń gbọ́.”

“Ọwọ́ rẹ ti sọ tirẹ̀. Ẹni tó rán ọ sí mi yẹn, sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ gbọ́.”

Onígbàjámọ̀ la ẹnu, abẹ ṣì wà lọ́rùn aránṣọ.

“Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbé abẹ yẹn sílẹ̀.”

Ìyàwó onígbàjámọ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rín pa á. Ó fa àpótí wá fún ọkọ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ sílẹ̀, ó jókòó níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ọṣẹ gbẹ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, kò sẹ́ni tó rántí.